Òkè, Òkun àti Yìnyín: Bí Ilẹ̀ Wa Ṣe Rí Bí Ó Ti Rí

Ẹni tí ó bá dé Abẹ́òkúta kò ní ṣàì rí Olúmọ. Abẹ́ òkúta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, ibẹ̀ ni a sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú náà. Ṣùgbọ́n òkúta ti wà kí ènìyàn tó sá bá a. Báwo ni ó ṣe débẹ̀? Ìbéèrè yìí kò tàbùkù òkè; oríkì gan-an, orírun ni ó ń wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn pín sí.

Èkíní ni òkúta. Gíránáìtì pọ̀ nínú àwọn òkè wa, bí irú ti Ìdánrè. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ tí ó gbóná janjan dì sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì le koko. Òkè kò hù jáde bí olú. Ilẹ̀ tí ó bò ó ni ó ṣí kúrò. Omi òjò ń gba ojú ibi tí òkúta ti sán wọlé, ó ń sọ ọ́ di amọ̀, ọ̀gbàrá sì ń gbé e lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ibi tí kò sán púpọ̀ ni ó ṣẹ́kù tí a ń pè ní òkè.

Èkejì ni ìrìn ilẹ̀. Ilẹ̀ ayé pín sí ègé ńláńlá tí ń rìn jẹ́jẹ́, bí èékánná ti ń hù. Nígbà kan rí, ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Brazil so pọ̀. Ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ti gba àárín wọn. Títí di òní, àpáta ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil jọ tiwa bí ọmọ ìyá. Òkun náà bo apá kan ilẹ̀ wa nígbà kan: ìkarahun àwọn ẹran omi tí ó kú síbẹ̀ wà nínú òkúta ẹfun Ewékorò tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀kẹta ni yìnyín. Ẹ lè béèrè pé, yìnyín wo ní ilẹ̀ olóoru? Ọ̀nà jíjìn ni ó wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, omi púpọ̀ dì sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti àríwá, ojú òkun sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà. Àwọn odò wa gbẹ́ àfonífojì kí wọ́n tó bá òkun. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà, ó kún àwọn àfonífojì náà. Ìgbì sì kó iyanrìn dí wọn lẹ́nu. Bí ọ̀sà Èkó ṣe di ọ̀sà nìyẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Yìnyín tí ó kù tún ń yọ́ lónìí nítorí ooru tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀, òkun sì ń gòkè. Ohun tí ó dá ọ̀sà Èkó lè padà wá gba etí ọ̀sà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ ìtàn ìlú, kí á má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọba àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí á bi ilẹ̀ pàápàá léèrè, kí á sì fi Yorùbá kọ ìdáhùn rẹ̀, kí ẹni tí ń gbé etí ọ̀sà lè rí i kà.