Kíkọ Ìkéde Àyè Iṣẹ́ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Já Gaara

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti di ẹni tí ń gba òṣìṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ. Nítorí náà ni a ṣe yan ẹ̀kọ́ kékeré yìí.

Ìyá kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, Ṣágámù, kọ ìkéde yìí sórí WhatsApp:

"VACANCY! VACANCY!! VACANCY!!! There is vacancy in our shop. We need somebody that will be selling market. The person must to know computer. Call now now."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó pè é. Nígbà tí ó bi ọmọkùnrin kan tí ń wá iṣẹ́ léèrè, ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Mà, mo rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni." Iṣẹ́ wà, ẹni tí ń wá iṣẹ́ wà, èdè ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Níbo ni àṣìṣe wà? Yorùbá ni ìyá náà ń rò, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bò ó bí aṣọ.

Èkíní, "selling market". Àwa a máa ta ọjà, ṣùgbọ́n "market" ni ibi tí a ti ń tà á; "goods" ni ohun tí a ń tà. Ẹni tí ń bá ni tajà ní ṣọ́ọ̀bù ni "sales assistant".

Èkejì, "there is vacancy". Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó dọ́gba pẹ̀lú "a", nítorí náà ni a ṣe ń gbàgbé rẹ̀. "There is a vacancy" ni ó tọ́.

Ẹ̀kẹta, "must to know computer". "To" kì í tẹ̀lé "must". Ẹ sọ pé: "must be able to use a computer".

Ẹ̀kẹrin, "now now" àti "vacancy" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní èdè wa, àpètúnpè a máa fi agbára kún ọ̀rọ̀: kíákíá, wéréwéré. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ pàtó ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wo àtúnkọ rẹ̀:

"Good morning. Our shop at Sabo, Sagamu, needs a sales assistant who can use a computer. Work is from 8 a.m. to 5 p.m., Monday to Saturday. If you are interested, please come to the shop before Friday."

Ó sọ ibi, ó sọ iṣẹ́, ó sọ àkókò. Ẹni tí ẹ̀rù jìbìtì ń bà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wò ó.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, ó a máa tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ìtumọ̀ náà lè dún bí èdè onílé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú: kí ẹ tó fi ìkéde ránṣẹ́, ẹ kà á sókè sétí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fi yín ṣe ọ̀nà oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa.