Òtútù Lọ́ńdọ̀nù Yàtọ̀ sí Ọyẹ́ Galadimawa: Ohun tí Arìnrìn-àjò Ní Láti Mọ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì mú Galadimawa ní Àbújá, àwọn kan a máa di ẹrù lọ sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe láti lọ bá ọmọ àti ẹbí ṣe ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ tí wọ́n fi ń gba ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ rò pé yóò tó. Kò lè tó. Ọyẹ́ a máa gbẹ ètè, a sì máa mú òtútù wá ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn Àbújá bá ti ràn, ooru a máa kọjá ìwọ̀n 30 Sẹ́síọ̀sì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìpíndọ́gba ooru ọ̀sán nínú oṣù Kínní kò ju bíi 8 lọ, afẹ́fẹ́ àti òjò wínníwínní sì ń bá a rìn. Òjò dídì tí a ń wò nínú fíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju kóòtù ńlá kan ṣoṣo lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín wọn ni ó ń dá ooru ara dúró. Fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí omi kò lè wọ̀ ṣe pàtàkì. Ọtí líle kì í ṣe aṣọ: ó ń mú kí awọ ara gbóná fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń tú ooru inú ara dànù.

Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nítorí náà, ọ̀sán ni ó yẹ kí àlejò fi rìn létí odò Thames tàbí nínú ọgbà Hyde Park. Bí òtútù bá le, kí ó yà sí British Museum, níbi tí a kì í ti gba owó ìwọlé. Ọ̀kan lára àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà ní ìpamọ́ níbẹ̀. Ọmọ Oòduà tí ó bá rí i lè gbàgbé òtútù, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn pé ibẹ̀ ni ó wà. Èlùbọ́ àti ata kò sì wọ́n ní Rye Lane, ní Peckham.

Ní ti ẹni tí yóò pẹ́ níbẹ̀, láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ilẹ̀ náà kò lágbára tó láti mú kí awọ ara ṣe fítámì D tí egungun nílò. Láti ọdún 2016 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ní àkókò náà. Kí aláwọ̀ dúdú sì rò ó láti lò ó yípo ọdún.

Àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Òtútù a máa mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ súnkì; sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a há síbẹ̀, ìrora ńlá a sì bẹ̀rẹ̀ nínú egungun. Àìtó omi lára tún ń fà á, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ ènìyàn nínú òtútù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà rẹ̀ kí ó tó lọ, kí ó máa mu omi, àní nínú bàálù pàápàá, kí ó sì fi oògùn àti ìwé dókítà sínú àpò ọwọ́. Bí òjò bá pa á, kí ó tètè pààrọ̀ aṣọ. Kí alásímà náà má ṣe jìnnà sí oògùn tí ó ń fà símú.

Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ẹ̀fọn lè jẹ ènìyàn ní Galadimawa, kí àìsàn ibà má sì fara hàn àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti gbígbọ̀n a wá dà bí ọ̀fìnkìn tí òtútù fà. Kí ẹni náà má ṣe sùn tì í. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì kọ́kọ́ sọ pé láti Nàìjíríà ni òun ti dé, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níbẹ̀ ni 111. Ti pàjáwìrì ni 999. Ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, owó náà kì í kéré. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà.