Ṣéènì Kì í Ṣàdédé Já

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òwe yìí, kó lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, nígbà òjò. Ṣéènì ẹnì kan já, ti ẹlòmíì ń yọ ṣáá, gbogbo wọn á sì búra pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á.

Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Ìkòròdú kò sí lára wọn. Ọ̀kadà ló ṣì ń wọ ibi tí kórópe kò lè wọ̀, títí dé ẹ̀bá ọ̀sà ní Bàyékù, yanrìn sì pọ̀ lọ́nà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ: yanrìn tó pẹ́ nínú ọ́ìlì ṣéènì á dohun tí ń ha irin. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù tí wọ́n ń dà sí i. Ó ti ru ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì kó tó débẹ̀.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì, kì í ṣe pẹtiróòlù. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá kán ọ́ìlì gíà sí inú ṣéènì ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Alẹ́ ló dáa jù, kó lè wọlé kílẹ̀ tó mọ́; láàárọ̀, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù lára kúrò. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti kú o! Ìka ọwọ́ kì í hù padà.

Fífà gan-an ló ń kó bá ọ̀pọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Wọ́n á gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì láìsí ẹrù, wọ́n á fa ṣéènì títí yóò fi le gbagidi, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Kí èrò méjì àti àpò gàrí wá gorí rẹ̀, ẹ̀yìn á rọlẹ̀, àlàfo àárín sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti tẹ̀yìn á gùn sí i. Ṣéènì tí kò ní àyè á wá máa fa bẹ́árìn gíà. Ẹ fìka gbé àárín ṣéènì ìsàlẹ̀ sókè sódò: mìlímítà 20 sí 30 ló ń tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀kadà yín ni adájọ́. Ẹ yí táyà, kí ẹ tún wò ó níbòmíì, torí ibi tó le jù la fi ń wọ̀n ọ́n. Kí àmì tó wà níbi táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún àti tòsì bára mu pẹ̀lú.

Ṣéènì tó ń gùn, irin rẹ̀ kọ́ ló ń nà. Láti ìgbà tí Hans Renold ti ṣe irú rẹ̀ jáde ní Manchester lọ́dún 1880, ibi kan náà ló ń jẹ: píìnì àti bọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn lára sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá. Bí ìdajì eyín bá hàn sí yín, ó ti tán nìyẹn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀, owó ṣòfò ni. Ẹ ra ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. Lọ́ọ̀kì ṣéènì ńkọ́? Ẹnu tó là kò gbọdọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ.

Ìbòrí ṣéènì Bajaj Boxer ní ihò kan tí rọ́bà dí, ibẹ̀ lẹ ó ti máa yọjú wò ó. Àwọn kan a tú ìbòrí náà jù nù, wọ́n ní ó ń pariwo. Ẹ dá a padà. Bí kò bá tíì sí níbẹ̀, kí màmá tó ró ìró gígùn lẹ́yìn yín kó o jọ sórí itan kí ẹ tó ki gíà, kí ṣéènì má baà fà á.