Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Ìṣirò: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Olóko Òwú



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ olówú abúlé, wọ́n máa ń fi àwòrán hàn yín: ọ̀pá gíga àti ọ̀pá kúkúrú, tàbí ilà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn á wò ó fìrí, á ní, “Òwú ń lọ sókè,” á sì gba ajílẹ̀ ẹ̀kítà mẹ́ta dípò méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ nínú owó òwú, kí ìyókù tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ṣi àwòrán kà, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi san án.

Ohun mẹ́rin tí ẹ ó kọ́kọ́ wò

1. Àkọlé: kí ni wọ́n ń kà? Ṣé òwú ni, òjò ni, àbí owó?
2. Ìsàlẹ̀: ọdún ni wọ́n tò síbẹ̀, oṣù ni, àbí orúkọ abúlé? Ṣé ó pé?
3. Ẹ̀gbẹ́: kílò ni, tọ́ọ̀nù ni, mìlímítà ni, àbí fáráǹkì? Ṣé láti òdo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?
4. Ìtumọ̀ àmì: èló ni àmì kan dúró fún?

Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, ẹ pe ọmọ iléèwé jókòó tì yín. Kí ọmọ ka nọ́ńbà, kí ẹ̀yin wo gíga ọ̀pá.

Àwòrán ọ̀pá

Èyí ni òwú tí gbogbo orílẹ̀-èdè Benin kó jọ. Àmì ■ kan dúró fún nǹkan bí 50,000 tọ́ọ̀nù.

2015/2016 ■■■■■
2016/2017 ■■■■■■■■■
2017/2018 ■■■■■■■■■■■■
2018/2019 ■■■■■■■■■■■■■■
2019/2020 ■■■■■■■■■■■■■■
2021/2022 ■■■■■■■■■■■■■■■
2022/2023 ■■■■■■■■■■■■

Ẹ ka àmì ọdún àkọ́kọ́: márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà 50,000 jẹ́ 250,000 tọ́ọ̀nù. Iye tí wọ́n kó gan-an jẹ́ nǹkan bí 269,000. Àwòrán kò parọ́, ṣùgbọ́n ó gé e kù. Ẹ tún wo 2018/2019 àti 2019/2020: ọ̀pá wọn dọ́gba. Síbẹ̀, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 678,000, ti èkejì jẹ́ nǹkan bí 715,000. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye gan-an, ẹ béèrè nọ́ńbà.

Ǹjẹ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún kan kò sí níbẹ̀? 2020/2021 ni. A mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, kí ẹ lè máa ka ọdún kí ẹ tó ka ọ̀pá.

Ọ̀pá tó gbẹ̀yìn kúrú. Àwòrán sọ pé òwú dín kù. Kò sọ ohun tó fà á. Ẹni tó wà lóko ní 2022 lè rántí jásíìdì, kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewé, tó bo òwú ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ohun tó fa nǹkan, ẹ lọ béèrè rẹ̀ lóko.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá tí wọ́n gé nídìí

Ní 2021/2022, kílò òwú dáadáa jẹ́ 265 fáráǹkì. Ní 2022/2023, ó di 300. Bí ẹni tó ya àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ láti 250 dípò òdo, ọ̀pá àkọ́kọ́ yóò ga ní 15, èkejì yóò ga ní 50. Ojú yóò rí i bí ẹni pé owó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, fáráǹkì 35 péré ló lé, ìyẹn nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa wo ìdí ọ̀pá kí ẹ tó wo orí rẹ̀.

Àwòrán ilà: òjò

Ní agbègbè wa ní Ṣakẹ́tẹ́, ilà òjò máa ń yọ gegele méjì: ọ̀kan ní àkókò òjò ńlá, ọ̀kan ní àkókò òjò kékeré. Àfonífojì tó wà láàárín wọn, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, ni ọ̀dá kékeré. Òjò mìlímítà 1 túmọ̀ sí omi lítà 1 lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan.

Ṣùgbọ́n àròpọ̀ oṣù lè tan ni. Òjò 100 mìlímítà tó rọ̀ lọ́jọ́ méjì, tó sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ṣe òwú ní oore tí 100 mìlímítà tó pín sí ọjọ́ mẹ́wàá ṣe. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí òjò rọ̀.

Àwòrán róbótó

Èyí dà bí obì tí a pín sí awẹ́. Gbogbo awẹ́ pa pọ̀ jẹ́ 100. Ó ń fi ìpín hàn, kò fi bí obì fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó hàn. Ìdajì owó kékeré, owó kékeré náà ni.

Ẹ dán ara yín wò

Àpẹẹrẹ lásán nìyí. Àgbẹ̀ kìíní kó 3,600 kílò lórí ẹ̀kítà 4. Àgbẹ̀ kejì kó 2,400 kílò lórí ẹ̀kítà 2. Kílò kan jẹ́ 300 fáráǹkì. Gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn jẹ́ 110,000 lórí ẹ̀kítà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ta ni yóò ga jù? Oko ta ló mówó wọlé jù lórí ẹ̀kítà kan?

Ìdáhùn: ọ̀pá àgbẹ̀ kìíní ló ga jù. Ṣùgbọ́n 900 kílò ló rí lórí ẹ̀kítà kan, àgbẹ̀ kejì rí 1,200. Lẹ́yìn gbèsè, 640,000 ló kù fún ẹni kìíní, ìyẹn 160,000 lórí ẹ̀kítà kan. 500,000 ló kù fún ẹni kejì, ìyẹn 250,000 lórí ẹ̀kítà kan. Owó àgbẹ̀ kìíní pọ̀ jù lápapọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀kítà méjì làálàá sí i kí ó tó rí 140,000 péré lé ti ẹnì kejì.

Kí ẹ tó gba ajílẹ̀ ọdún yìí, ẹ ya ọ̀pá oko tiyín sínú ìwé: kílò tí ẹ̀kítà kan mú wá, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ mú un wá sí ìpàdé, kí a jọ kà á.