Ajá Tó Ń Pa Adìyẹ Nínú Ilé Mùsùlùmí: Òfin Rẹ̀ àti Ìmọ́tótó Tó Yẹ

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó sì fi ẹran ọ̀sìn ṣe ìrọ̀rùn fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń fa ìjà láàárín tọkọtaya àti láàárín aládùúgbò, tí a kì í sábà kà sí ọ̀rọ̀ ìlera. Òun ni ti ajá ilé tó ń pa adìyẹ. Bàbá mú ajá wálé kí olè má baà wọlé. Ìyá ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé kí ẹyin àti ẹran má baà wọ́n nínú ọbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, ìyẹ́ wà káàkiri àgbàlá, ajá sì ń lá ẹnu. Kí ni ká ṣe sí adìyẹ? Kí ni ká ṣe fún ọmọ tó fi ọwọ́ lásán gbé e? Kí sì ni ká ṣe sí ajá? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Ipò ajá nínú ilé wa

Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ká máa sin ajá láìnídìí. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kọ́ wa pé ẹ̀san ẹni tó bá ń sin ajá yóò máa dín kù lójoojúmọ́, àyàfi ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn tàbí ajá oko. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ajá tó ń ṣọ́ ilé mọ́ wọn, nítorí pé iṣẹ́ ìṣọ́ kan náà ni. Ẹni tó bá sì ti mú ajá wálé fún iṣẹ́ ti gba ẹrù méjì sórí: kò gbọdọ̀ fi ebi pa á, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Ṣé a lè jẹ adìyẹ náà?

Bí adìyẹ bá ti kú kí a tó dé ibẹ̀, òkúǹbete ni. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrátúl Máídà (5:3), ka ẹran tí ẹranko mìíràn pa jẹ mọ́ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún wa, àyàfi èyí tí a bá tètè dúńbú. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí ẹ̀sìn gba ẹran tí ajá ọdẹ bá pa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ajá tí a kọ́, tí a dárúkọ Ọlọ́hun kí a tó rán an lọ sí ẹran ìgbẹ́. Adìyẹ tó ń jẹ káàkiri ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ẹran ìgbẹ́, a kò sì rán ajá sí i.

Bí adìyẹ bá ṣì wà láàyè, tó ń mí, tó ń ta ẹsẹ̀, ẹ tètè dárúkọ Ọlọ́hun, kí ẹ sì dúńbú rẹ̀. Ó di hàláàlì. Ṣùgbọ́n ní mázíhàbù Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, bí ajá bá ti já okùn inú egungun ọrùn rẹ̀, tàbí tó ti tú ìfun rẹ̀ síta, dúńbú kò tún lè sọ ọ́ di hàláàlì mọ́. Èyí tó bá di hàláàlì, ẹ gé ibi tí eyín ajá ti wọ̀ ọ́ dànù, kí ẹ fọ ìyókù dáadáa, kí ẹ sì sè é jinná. Bí ìwà ajá náà kò bá dá yín lójú, ẹ má jẹ ẹ́ rárá.

Èyí tó ti kú, ẹ má tà á. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti ta òkúǹbete, kódà bí ẹni tó fẹ́ rà á kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ má sì jù ú fún ajá náà, nítorí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kà á sí, yóò sì tún pa òmíràn lọ́la.

Ìmọ́tótó lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ẹ má rán ọmọdé láti kó òkú adìyẹ. Kí àgbàlagbà fi náílọ́ọ̀nù wọ ọwọ́, kó gbẹ́ kòtò tó jìn, kó sin ín tìyẹ́tìyẹ́, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ kíyè sí i dáadáa: bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sí ojú eyín lára wọn, ó lè jẹ́ pé àrùn ló pa wọ́n, tí ajá kàn ń wọ́ òkú wọn kiri. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn lúkúlúkú adìyẹ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rí i. Irú ikú bẹ́ẹ̀, dókítà ẹran ló yẹ ká pè.

Abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀, Ànábì pàṣẹ pé ká fọ̀ ọ́ nígbà méje, kí a fi erùpẹ̀ sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní oríṣiríṣi àlàyé lórí bóyá itọ́ ajá jẹ́ ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n fífọ abọ́ náà kò sí nínú ohun tó yẹ ká fojú kéré. Ẹ ya abọ́ ajá sọ́tọ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ẹyin aràn inú rẹ̀ máa ń ti ọwọ́ ọmọdé dé ẹnu rẹ̀. Ẹ sì máa fún ajá náà ní oògùn aràn.

Ṣé dìgbòlugi kọ́?

Pípa adìyẹ nìkan kò sọ ajá di dìgbòlugi. Ẹ̀jẹ̀ ọdẹ wà lára gbogbo ajá. Ṣùgbọ́n bí ajá tó ti ń bá adìyẹ gbé láti ọdún pípẹ́ bá ṣàdédé yí padà, tó ń bu igi àti òkúta jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Bó bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tó ha á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo pupa tàbí irun ajá tí a sun sí i. Àrùn yìí lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, bóyá ni ẹnikẹ́ni ń là á já. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá kò wọ́n tó ẹ̀mí ọmọ kan ṣoṣo.

Bí a ṣe lè dá a dúró

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká so ajá mọ́lẹ̀ ná, ká tó wo ilé adìyẹ.

Ẹ fi pákó àti wáyà líle kọ́ ilé adìyẹ. Ẹ ri etí wáyà náà mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ajá má baà gbẹ́ ilẹ̀ wọlé. Ẹ máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ máa fún ajá lóúnjẹ lákòókò, kí ẹ sì máa mú un rìn. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru máa ń ya ẹhànnà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ fi okùn dì í mú níbi tó ti lè rí adìyẹ lókèèrè. Nígbà tó bá gbójú kúrò lára wọn, ẹ fún un ní ìjẹ díẹ̀. Ẹ máa sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀, ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n. Nínà lẹ́yìn wákàtí kan kò kọ́ ajá ní nǹkan kan, torí kò mọ ohun tó fà á. Síso òkú adìyẹ mọ́ ọn lọ́rùn, àrùn ni yóò gbé káàkiri ilé. Oògùn eku tí a fi sínú oúnjẹ láti fi pa á lè dé ọwọ́ ọmọ ẹni kí ó tó dé ẹnu ajá.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ẹni tó nílò ajá ìṣọ́, tí kò sin adìyẹ, kí ẹ fún un, kí ẹ sì sọ ìwà ajá náà fún un kó tó gbà á.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Bó bá jẹ́ adìyẹ aládùúgbò ni ajá wa pa, tí a sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń pa á, tí a kò so ó, gbèsè wà lọ́rùn wa. Ká má dúró dìgbà tí wọ́n bá pariwo. Ká lọ tọrọ àforíjì, ká san owó adìyẹ náà. Aládùúgbò náà kò sì gbọdọ̀ fi májèlé gbẹ̀san.

Obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó dè mọ́lẹ̀ láìfún un lóúnjẹ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kan sì rí àforíjì Ọlọ́hun gbà nítorí omi tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Nínú hádíìsì méjèèjì, ẹranko tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni Ọlọ́hun fi dán an wò. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè ṣọ́ ohun tó fi sí ìkáwọ́ wa, kó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.