Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà, "Nice"

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ọjọ́ kan tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìbáà ṣe lọ́jà tàbí ní ọ́fíìsì. Aṣọ dára, wọn a ní ó "nice". Ọbẹ̀ dùn, ó "nice". Ènìyàn ní sùúrù, òun náà "nice". Bẹ́ẹ̀ èébú ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Inú èdè Látìn ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Róòmù a máa pe ẹni tí kò mọ nǹkan ní "nescius". "Ne" ni "kò", "scire" sì ni "mọ̀". Wọ́n so wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti so "àì" mọ́ "mọ̀" tí a fi ní "àìmọ̀". Àwọn Faransé gé e kúrú, òmùgọ̀ ni wọ́n sì ń fi í pè. Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, tèébú-tèébú. Bí Chaucer, akéwì tí ó kú ní 1400, bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, kì í sábà jẹ́ ìyìn.

Báwo ni èébú ṣe wá di ìyìn? Díẹ̀díẹ̀ ni. Láti orí òmùgọ̀, ó bọ́ sí orí onítìjú, ó sì dé orí ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, tí ń ṣa oúnjẹ jẹ, tí ń yẹ aṣọ wò finnífinní. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni í rí ìyàtọ̀ tí ojú ẹlòmíràn fò; nítorí náà ni ọ̀rọ̀ náà fi di ti ohun tí ó ṣe rẹ́gí. Láàrín ọdún 1700 sí 1800 ni ó tó wá di "dídára" lásán. (Ọ̀nà òdì ni "silly" gbà ní tirẹ̀: alábùkún ni ó jẹ́ rí.) Nínú ìwé Jane Austen kan, Northanger Abbey, tí ó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1817, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọmọbìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe ìwé ní "nice". A rò pé ọkùnrin náà jàre.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, bí ẹ bá rí "a nice distinction" nínú fáìlì, ẹ má ṣe rò pé ọ̀gá ń yìn yín. Ìyàtọ̀ tín-ín-rín tí ó gba àròjinlẹ̀ ni ó ń wí. Àwọn agbẹjọ́rò kò tíì fi ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀wẹ̀, bí ọmọṣẹ́ yín bá ń wá iṣẹ́ síbòmíràn tí ó ní kí ẹ kọ ìwé ẹ̀rí fún òun, ẹ má kọ "nice boy" kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ pé owó kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àti pé ó ń tètè dé ìsọ̀. Ohun tí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ ń fẹ́ mọ̀ nìyẹn.