Owó Fàdákà Àwọn Ará Gíríìsì àti Ìtàn Ara Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí fún ẹni tí ó gbé kámẹ́rà láti ya fọ́tò owó àtijọ́ tí kò sì mọ ìtàn rẹ̀. Owó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun ń wò. Nítorí náà kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ dé.

Ní ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, owó fàdákà ni àwọn ará Gíríìsì ń ná. Oníṣẹ́ ọnà a kọ́kọ́ gbẹ́ àwòrán sára irin líle méjì. Wọn a gbé fàdákà sí àárín irin méjèèjì, wọn a sì fi òòlù lù ú. Ibi tí irin bá ti jin kòtò ni fàdákà yóò ti yọ sókè. Nítorí èyí, àwòrán ara owó náà kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Òjìji ni ó ń fi í hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀gangan ojú kámẹ́rà wá, ohun gbogbo a tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá rọra ti ẹ̀gbẹ́ wá, imú a yọ, ìyẹ́ a yọ, lẹ́tà a sì hàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú owó ìlú Átẹ́nì ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọn gíráàmù 17. Orí Athena, òrìṣà obìnrin tí ó ni ìlú náà, wà ní ojú kìíní pẹ̀lú àṣíborí ogun. Òwìwí wà ní ojú kejì, pẹ̀lú ewé ólífì àti lẹ́tà mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú náà. Lójú tiwa, ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí. Lójú àwọn ará Átẹ́nì, ẹyẹ Athena ni, ẹyẹ ọgbọ́n. Ìtàn wọn sọ pé Athena àti Poseidon, òrìṣà òkun, ń du ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Poseidon fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gún àpáta, omi iyọ̀ sì tú jáde. Athena gbin igi ólífì, tí ń fún ènìyàn ní èso àti òróró. Athena ni wọ́n dá láre. Ewé kékeré tí ó wà lẹ́yìn òwìwí ni ó ń rán ni létí igi yìí. Ayàwòrán tí ó bá jẹ́ kí òkùnkùn bo ewé náà ti gé ìtàn náà sí méjì.

Ẹṣin abìyẹ́ tí ń jẹ́ Pegasus ni ó wà lára owó Kọ́ríńtì. Bellerophon, ọmọ ìlú náà, fẹ́ gun ẹṣin yìí, ṣùgbọ́n kò rí i mú, títí Athena fi fún un ní ìjánu wúrà lójú àlá. Lórí ẹṣin náà ni ó ti pa abàmì ẹranko tí ń yọ iná lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe, ìgbéraga wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ fò dé ibùgbé àwọn òrìṣà. Zeus rán eṣinṣin kan láti ta ẹṣin náà, Bellerophon sì jábọ́. Ẹni tí ó mọ ìtàn ìjánu yìí kò ní í ṣe kàyéfì pé orí Athena ni ó wà ní ojú kejì owó náà. Yóò sì wá lẹ́tà àtijọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Kọ́ríńtì lábẹ́ ikùn ẹṣin, kí òjìji má baà gbé e mì.

Nísinsìnyí, báwo ni a ó ti ṣe iṣẹ́ náà? Kí kámẹ́rà dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ó dojú kọ owó láti òkè tààrà, kí owó róbótó má baà dà bí ẹyin. Kí ìmọ́lẹ̀ ti apá òkè àwòrán wá. Bí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá, ojú a máa tan ni jẹ, ohun tí ó yọ sókè a sì dà bí kòtò. Kí a gbé bébà funfun sí òdìkejì àtùpà, kí òjìji má baà dúdú jù. Etí owó ni kí a fi ọwọ́ mú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yanrìn bó owó náà kí ó lè dán. Yóò bó irun orí Athena pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí fọ́tò tí ó lè dá a padà.

Ní ọdún 1966, ìwé ńlá kan nípa owó àwọn ará Gíríìsì jáde ní Lọ́ńdọ̀n. Colin Kraay, ọ̀mọ̀wé nípa owó àtijọ́, ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Max Hirmer, ará Jámánì, ni ó ya fọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: ìtàn ń fi ibi tí a ó wò han kámẹ́rà, kámẹ́rà sì ń fi ìtàn han ẹni tí kò lè dé ibi tí owó náà wà.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá?
2. Kí ni ewé ólífì ń rán àwọn ará Átẹ́nì létí?
3. Ẹ̀kọ́ wo ni ìṣubú Bellerophon kọ́ ọ?